Gáàsì Tó Ń Ṣí Iṣan Ẹ̀jẹ̀, Ṣé Òun Náà Ló Ń Ba Ọpọlọ Jẹ́?

ÌBÉÈRÈ

Màmá mi ti lé ní àádọ́rin ọdún. Wọ́n á jẹun tán, wọ́n á tún ní a ò fún àwọn lóúnjẹ. Dókítà ní ó jọ àrùn Alzheimer. Àbúrò mi tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù wá fi pọ́dà kan ránṣẹ́, wọ́n kọ “nitric oxide” sí i lára, ó ní ó ń ṣí iṣan ẹ̀jẹ̀ ọpọlọ. Ṣùgbọ́n mo kà á níbì kan pé nitric oxide wà lára ohun tó ń pa ọpọlọ àwọn tó ní àrùn yìí. Ṣé kí n pò ó fún wọn mu?
Ọmọ Màmá, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN

Ọmọ Màmá, ẹ kú ìtọ́jú wọn. Ẹ má tíì pò ó. Àbúrò yín ò parọ́ o, ohun tí ẹ̀yin náà kà kì í sì í ṣe irọ́.

Gáàsì ni nitric oxide, ara wa ló ń fi èròjà arginine ṣe é. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń jáde lára ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀, kí iṣan lè dẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ ráyè kọjá. Robert Furchgott, Louis Ignarro àti Ferid Murad gba Ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ ní 1998. (Ọ̀nà rẹ̀ náà ni Viagra ń bá lọ, ẹ má sọ fún màmá.) Àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ pàápàá ń fi í ránṣẹ́ síra wọn.

Ibi tó ti yíwọ́ nìyí. Nínú àrùn Alzheimer, pàǹtírí tí wọ́n ń pè ní amyloid máa ń ṣù jọ sáàárín sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ. Microglia, tí í ṣe ọdẹ àdúgbò nínú ọpọlọ, á wá gbaná jẹ, á máa tú nitric oxide jáde lákọlákọ, bí ọdẹ tó ń yìnbọn lóru láìwo ẹni tó ń bọ̀. Onílé ló ń fara gbọta. Nígbà tí gáàsì yìí bá pàdé èròjà kan tí wọ́n ń pè ní superoxide, àwọn méjèèjì á di peroxynitrite, ìkà gidi nìyẹn: ó ń ba ọ̀rá ara sẹ́ẹ̀lì jẹ́, ó sì ń ba purotéènì jẹ́. Wọ́n ti rí ọṣẹ́ rẹ̀ nínú ọpọlọ àwọn tí àrùn náà pa. Ní 2009, Stuart Lipton àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní California tún fi hàn pé nitric oxide máa ń lẹ̀ mọ́ purotéènì Drp1, tí ibi tí sẹ́ẹ̀lì ti ń rí agbára á fi máa já wẹ́wẹ́.

Ohun tó ta kókó jù ni pé lára aláìsàn kan náà, nitric oxide ti iṣan ẹ̀jẹ̀ lè máa dín kù nígbà tí ti microglia ń pọ̀ sí i. Pọ́dà wo ló máa mọ èyí tó yẹ kóun fi kún?

Arginine tàbí bíítírúùtù ló sábà máa ń wà nínú irú pọ́dà bẹ́ẹ̀. Kì í sì í ṣe gbogbo èèyàn ni arginine ń bá lára mu. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 2006, wọ́n fún àwọn tí àrùn ọkàn ṣẹ̀ṣẹ̀ kọlù ní arginine. Kò ṣe wọ́n lóore. Mẹ́fà kú nínú àwọn tó ń lò ó, kò sẹ́ni tó kú nínú àwọn tí wọn ò fún. Wọ́n dá ìwádìí náà dúró. Tí màmá bá sì ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, pọ́dà náà lè já ìfúnpá wọn wálẹ̀ jù, kí òòyì gbé wọn ṣubú.

Ẹ gbé ike pọ́dà náà dání lọ bá dókítà. Tí wọn ò bá tíì yẹ ẹ̀jẹ̀ màmá wò fún fítámì B12 àti táírọ́ọ̀dù, ẹ ní kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, torí àìtó àwọn yẹn náà máa ń fa ìgbàgbé, oògùn sì wà fún wọn.