Ṣé Ká Tò Ó Ni, àbí Ká Rà Á? Ìṣirò Kọ̀ǹpútà fún Akẹ́kọ̀ọ́ tí Owó Rẹ̀ Kò Pọ̀

Bí ọdún ìkẹyìn bá ti ń sún mọ́lé ní ẹ̀ka wa, ìbéèrè kan náà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń bi ara wọn: kọ̀ǹpútà wo ni kí n rà fún iṣẹ́ àṣekágbá? Ìbéèrè kejì sì máa ń tẹ̀lé e: ṣé kí n rà á ní odindi ni, àbí kí n ra àwọn ẹ̀yà ara rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan kí n tò ó fúnra mi? Èmi náà bi ara mi ní ìbéèrè yìí nígbà tí mo ní ₦250,000 lọ́wọ́, tí n kò sì mọ ibi tí màá ti rí kọ́bọ̀ kan lé e. Nínú ẹ̀kọ́ yìí, màá sọ bí mo ṣe ṣírò ó, ẹ̀ẹ̀mejì tí mo ṣì í ṣírò, àti ohun tó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ wò kó tó na owó rẹ̀.

Benson ní Ìkòròdú ni mo ń gbé. Mo sọ ọ́ torí pé ibi tí èèyàn ń gbé wà lára ìṣirò náà, bí ẹ ó ṣe rí i láìpẹ́.

Kí ni à ń pè ní títò?

Kò sí ẹni tó ń ṣe kọ̀ǹpútà láti ìbẹ̀rẹ̀ nínú yàrá rẹ̀. Ẹni tó bá ní òun tò ó, ńṣe ló ra àpótí, power supply, motherboard, processor, RAM àti SSD lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tó sì so wọ́n pọ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ Nàìjíríà pàápàá kò jìnnà sí èyí. Omatek, tí olóògbé Florence Seriki dá sílẹ̀ ní 1988, àti Zinox, tí Leo Stan Ekeh gbé jáde ní 2001, mú kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ orúkọ Nàìjíríà wá sí ọjà, ṣùgbọ́n òkè òkun ni ọ̀pọ̀ ẹ̀yà inú rẹ̀ ti ń wá.

Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ títò fi so mọ́ dọ́là. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, nígbà tí ìjọba jẹ́ kí ọjà máa pinnu iye náírà, nǹkan bí ₦460 ni dọ́là kan. Kí 2024 tó parí, ó ti lé ní ₦1,500. Gbogbo ẹ̀yà tuntun ló gun òkè tẹ̀lé e. Ní ìparí 2025, RAM tún wọ́n káàkiri ayé, torí pé àwọn tó ń ṣe é ń kó púpọ̀ nínú rẹ̀ lọ fún àwọn kọ̀ǹpútà ńlá tí AI ń lò.

Ẹ lè ti gbọ́ pé títò máa ń dín owó kù. Òótọ́ lè wà nínú rẹ̀ ní àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ti ń fi tuntun wé tuntun. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, tòkunbọ̀ ni títò ń bá du ọjà: kọ̀ǹpútà tí ilé-iṣẹ́ kan ní òkè òkun lò fún ọdún mélòó kan, tó pààrọ̀, tí wọ́n sì kó dé ọ̀dọ̀ wa. Ó ṣòro kí ẹ̀yà tuntun tí a rà lọ́kọ̀ọ̀kan tó rọjú ju odindi kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun tí mo gbàgbé nínú ìwé mi

Síbẹ̀, títò ló wù mí. Mo kọ ẹ̀yà mẹ́fà tí mo dárúkọ lókè sínú ìwé. Bí motherboard àti processor bá jẹ́ tòkunbọ̀, owó mi tó o. Inú mi dùn. Lọ́jọ́ Sátidé kan, mo wọ BRT ní Ìkòròdú, mo sọ̀ ní Maryland, mo wọ ọkọ̀ mìíràn lọ sí Ìkẹjà, mo sì rìn dé Òtígbà ní Computer Village. Ẹ̀gbọ́n kan tó ń ta motherboard gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó kà á tán, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Àbúrò, gbogbo ara ló pé síbí. Ojú ńkọ́?"

N kò kọ monitor sílẹ̀. N kò kọ kíbọ́ọ̀dù, n kò kọ mouse. N kò rántí pé ọ̀pọ̀ motherboard kò ní Wi-Fi nínú, pé màá ra èyí tí a ń kì bọ̀ ọ́ lára. N kò rántí UPS, èyí tí kò ní jẹ́ kí ẹ̀rọ kú lójijì bí iná bá lọ. Nígbà tí mo fi wọ́n kún un, ₦250,000 kò tó mọ́ rárá. Gbogbo nǹkan wọ̀nyí ni laptop ti kó sára: ojú, kíbọ́ọ̀dù, Wi-Fi, àti bátìrì tó ń ṣe iṣẹ́ UPS.

Ìṣirò iná

Ká tiẹ̀ ní owó náà tó, ọ̀rọ̀ iná ṣì wà nílẹ̀. Desktop lásán, bí a bá ń fi tẹ ìwé, lè máa jẹ nǹkan bí 60 wáàtì, kí monitor fi nǹkan bí 20 lé e. 80 nìyẹn. Laptop kì í sábà ju 15 sí 20 lọ lórí irú iṣẹ́ kan náà. Bí a bá ṣiṣẹ́ fún wákàtí 5 lóru, desktop yóò jẹ 400 wáàtì-wákàtí, laptop yóò jẹ 100 péré.

Ẹ jẹ́ ká wò ó lára bátìrì inverter oní 12 fóòtì, 100Ah. Lórí ìwé, 1,200 wáàtì-wákàtí ló wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n bí bátìrì náà bá jẹ́ olóje, kò dára kí a lò ó kọjá ìdajì, ìyẹn 600. Desktop yóò lo ìyẹn tán ní nǹkan bí wákàtí 7 ààbọ̀, laptop lè lò ó fún 30, kí a tó yọ èyí tí inverter fúnra rẹ̀ ń jẹ. Ẹni tí kò ní inverter á bọ́ sọ́dọ̀ jẹnẹrétọ̀, gbogbo wa la sì mọ ibi tí owó epo lọ lẹ́yìn ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún 2023, tí ìjọba kéde pé owó ìrànwọ́ epo ti dópin. A lè gbé laptop lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń gba iná sí fóònù. A kì í gbé desktop lọ síbẹ̀.

Iṣẹ́ wo lo fẹ́ fi ṣe?

Iṣẹ́ wa kò wúwo: kíkọ Yorùbá pẹ̀lú àmì ohùn, kíka PDF, àti fífi Praat wo ohùn inú ohun tí a gbà sílẹ̀. Praat, tí Paul Boersma àti David Weenink ti Yunifásítì Amsterdam ṣe, kò gba owó, kò sì béèrè ẹ̀rọ alágbára. RAM 8GB àti SSD tó fún gbogbo èyí. Kí ni èèyàn fẹ́ fi káàdì fídíò olówó ńlá ṣe níbẹ̀?

Ọ̀nà kẹta: rà á, kí o sì tún un ṣe

Ohun tí mo ṣe nìyí. Mo ra laptop tòkunbọ̀, irú èyí tí wọ́n ṣe fún ọ́fíìsì, bíi Dell Latitude, HP EliteBook tàbí Lenovo ThinkPad. Hard disk àtijọ́ àti RAM 4GB ló wà nínú rẹ̀. Mo fi ìyókù owó mi ra SSD lọ́jọ́ náà, RAM sì dúró di oṣù kẹta. Ọwọ́ ara mi ni mo fi pààrọ̀ méjèèjì, mo sì rí i pé mo ti kọ́ díẹ̀ nínú iṣẹ́ títò tó wù mí.

Ẹ yẹ nǹkan márùn-ún yìí wò kí ẹ tó sanwó:

1. *Ìran processor.* Ẹ wo nọ́ńbà tó tẹ̀lé i5. i5-6300U jẹ́ ìran kẹfà, i5-8350U jẹ́ ìran kẹjọ. Láti ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá 2025 ni Microsoft ti dá àtìlẹ́yìn ọ̀fẹ́ fún Windows 10 dúró. Bó bá jẹ́ Intel, ìran kẹjọ sókè àti TPM 2.0 ni Windows 11 ń béèrè. Bí owó yín kò bá kọjá ìran kẹfà, Linux Mint yóò ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, Praat àti LibreOffice náà yóò sì ṣiṣẹ́.
2. *Bátìrì.* Ẹ ṣí Command Prompt, kí ẹ tẹ powercfg /batteryreport. Ẹ fi iye tó ń gbà nísinsìnyí wé iye tó ń gbà nígbà tó wà ní tuntun.
3. *Àyè RAM.* Àwọn laptop pẹlẹbẹ kan ní RAM tí wọ́n jó mọ́ motherboard, a kò lè yọ ọ́. DDR3 kò sì wọ ojú DDR4.
4. *Pásíwọ́ọ̀dù BIOS.* Ẹ pa á, kí ẹ tàn án, kí ẹ wọ inú BIOS. Bó bá béèrè pásíwọ́ọ̀dù tí ẹni tó ń tà á kò mọ̀, ẹ fi sílẹ̀.
5. *Gbogbo ara rẹ̀.* Ẹ tẹ gbogbo bọ́tìnnì, ẹ wo kámẹ́rà, ẹ ki ṣájà bọ̀ ọ́, kí ẹ sì gba rìsíìtì.

Ìkejì nínú márùn-ún yìí ni àṣìṣe mi kejì. N kò wo bátìrì. Mo délé, mo rí i pé kò gba ìdá mẹ́ta ohun tó yẹ kó gbà. Lóru tó ṣáájú ọjọ́ tí mo fẹ́ fi orí kẹta hàn olùdarí iṣẹ́ mi, iná lọ. Kó tó pé wákàtí kan, laptop náà kú, ó sì kú pẹ̀lú ojú ìwé méjì tí n kò tíì fi pamọ́. Bátìrì mìíràn tí mo rà lẹ́yìn náà wà lára iye owó laptop yẹn, bí n kò tilẹ̀ san án ní Òtígbà.

Ta ló yẹ kó tò ó?

N kò sọ pé títò kò dára. Ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ fídíò, tí iná rẹ̀ dúró ire, tó ti ní monitor nílé, tó sì lè fi ẹ̀yà kún un díẹ̀díẹ̀, títò lè yẹ ẹ́. Àǹfààní rẹ̀ ni pé bí ẹ̀yà kan bá bàjẹ́, òun nìkan la ó pààrọ̀. Ẹni tó fẹ́ fi desktop ọ́fíìsì bẹ̀rẹ̀, kó rántí pé power supply àti motherboard inú Dell OptiPlex àti irú wọn kì í sábà bá ti ọjà mu.

Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ kọ nǹkan mẹ́ta sínú ìwé: iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ ṣe, wákàtí tí iná kì í sí ládùúgbò yín, àti gbogbo ohun tí ẹ ó san títí di òru àkọ́kọ́ tí ẹ ó jókòó tẹ ìwé. Ẹ fi díẹ̀ sílẹ̀ nínú owó yín fún ohun tí ẹ ó gbàgbé. Èmi gbàgbé ojú, mo sì tún gbàgbé bátìrì.