Musab Ọmọ Umayr, Agbásíá Ogun Uhudu

Lóṣù yìí, ẹ jẹ́ kí á jọ wo ìgbésí ayé Musab ọmọ Umayr (kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i), ẹni tí ó gbé àsíá lójú ogun Badri ní ọdún 624, tí ó sì tún gbé e ní Uhudu ní ọdún 625. Ikú rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń kọ́kọ́ sọ. Ṣùgbọ́n kí ogun tó dé rárá ni ó ti ń fi nǹkan sílẹ̀ nítorí Ọlọ́hun.

Ọmọ olówó ni ní Mọ́kà. Khunas, ìyá rẹ̀, kẹ́ ẹ gidigidi. Aṣọ olówó iyebíye ni ó máa ń wọ̀. Nígbà tí ó gba Islam, ìyá yìí kan náà ni ó tì í mọ́lé. Ẹni tí ó bá mọ ipò ìyá lọ́dọ̀ wa yóò mọ̀ pé èyí le ju idà lọ. Musab sá jáde, ó lọ sí ilẹ̀ Habaṣa, ọrọ̀ sì tán lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ọdún 621, Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) rán an lọ kọ́ àwọn ará Mọ̀dínà ní Alukuránì. Usayd ọmọ Hudayr gbé ọ̀kọ̀ wá láti lé e jáde. Musab bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jókòó gbọ́ ná. Bí ọ̀rọ̀ náà kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, òun yóò dákẹ́. Usayd fi ọ̀kọ̀ gúnlẹ̀, ó jókòó, ó sì gba Islam.

Ní Uhudu, nígbà tí ọ̀pọ̀ tafàtafà fi òkè sílẹ̀ nítorí ìkógun, ogun yí padà. Musab kò kúrò nídìí àsíá. Àwọn onítàn ní nígbà tí wọ́n gé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ó fi òsì gbá a mú. Ibẹ̀ ni wọ́n pa á sí.

Aṣọ kan ṣoṣo ni wọ́n rí fi sin ín. Bí wọ́n bá fi bo orí, ẹsẹ̀ a yọ. Bí wọ́n bá fi bo ẹsẹ̀, orí a yọ. Ànábì ní kí wọ́n fi bo orí, kí wọ́n kó koríko lé ẹsẹ̀.

Nígbà tí ó yá, Abdur-Rahman ọmọ Awf di olówó ńlá. Lọ́jọ́ kan tí ó gba ààwẹ̀, wọ́n gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀. Ó rántí aṣọ Musab. Ó ní Musab sàn ju òun lọ, ẹ̀rù sì ń ba òun kí ó má jẹ́ pé ayé níbí ni a ti san ẹ̀san òun tán. Ni ó bá bú sẹ́kún, kò sì lè jẹun mọ́.