Sípánà Tí Kò Bá Nọ́ọ̀tì Mu: Ìkìlọ̀ fún Ẹ̀yin Tí Ẹ Ń Tún Ọ̀kadà Ṣe Nílé

Owó iṣẹ́ tí mẹkáníìkì ń gbà ti sọ ọ̀pọ̀ ọlọ́kadà di mẹkáníìkì ara wọn. Olùkọ́ tó ń gun Bajaj lọ sí ilé ìwé abúlé, àgbẹ̀ tó ń fi ọ̀kadà kó kòkó jáde lóko, ọmọ dìspáàṣì tó ń gbé ẹrù kiri Ìbàdàn, gbogbo wọn ló ń pààrọ̀ ọ́ìlì, tí wọ́n ń fa ṣéènì, tí wọ́n sì ń nu pulọ́ọ̀gì lẹ́yìnkùlé wọn. Mi ò bá wọn wí. Iṣẹ́ wọ̀nyí kò le, ó sì yẹ kí ẹni tó ń gun ọ̀kadà mọ̀ ọ́n ṣe. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni irinṣẹ́ tí mo ń rí lọ́wọ́ wọn: píláyà kan, sípánà aláyípadà kan, àti sukudiráfà tí ẹnu rẹ̀ ti jẹ.

Àwọn àgbà ní à báà gún iyán nínú ewé, ká se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tí yóò yó yóò yó. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ nìyẹn o. Ẹ́ńjìnnì kì í gba irú rẹ̀. Igun mẹ́fà ni orí nọ́ọ̀tì ní. Sípánà tó bá a mu gẹ́lẹ́ máa ń dì í mú yí ká, ṣùgbọ́n píláyà àti sípánà aláyípadà, igun yẹn ni wọ́n máa ń ha. Bí ẹ bá ṣe é lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta, orí nọ́ọ̀tì á bó, á di róbótó, kò sì ní sí sípánà tó máa mú un mọ́. Ìgbà náà lẹ ó rí i tí ẹnìkan á gbé ṣísẹ́lì àti òòlù dé. Ẹ sì rántí pé álúmíníọ́ọ̀mù ni wọ́n fi ṣe ilé ẹ́ńjìnnì, irin sì ni bóòtì tó ń wọ inú rẹ̀. Tí wọ́n bá fi ipá yí bóòtì yẹn, tírédì inú álúmíníọ́ọ̀mù ló máa jẹ. Ọ́ìlì á bẹ̀rẹ̀ sí í jò, owó tí ẹ ń sá fún á sì di ìlọ́po mélòó kan.

Nítorí náà, kí ẹ tó lọ sọ́jà, ẹ kọ́kọ́ wo ọ̀kadà yín. Ẹ yá sípánà lọ́wọ́ mẹkáníìkì yín, kí ẹ fi dán àwọn nọ́ọ̀tì wò lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà wọn sílẹ̀. Lórí ọ̀kadà ilẹ̀ Japan, 8, 10, 12, 14 àti 17 ló pọ̀ jù. Mílímítà ni gbogbo nọ́ńbà yìí. Ẹ ṣọ́ra fún sípánà àtijọ́ tí bàbá fi sílẹ̀ sílé, torí íǹṣì ni púpọ̀ nínú wọn. Ìdajì íǹṣì jẹ́ mílímítà 12.7. Ó máa wọ orí nọ́ọ̀tì 12, ẹ ó sì rò pé ó bá a mu, ṣùgbọ́n àyè tó ṣẹ́kù yẹn tó láti bó o.

Sókẹ́ẹ̀tì tó ní igun mẹ́fà nínú ni kí ẹ rà, ẹ fi èyí tó ní igun méjìlá sílẹ̀. Sípánà tó ní ẹnu lápá kan, tó ní òrùka lápá kejì, ló dára jù: òrùka ni kí ẹ fi tú nọ́ọ̀tì tó bá le, ẹnu ni kí ẹ fi yí i nígbà tó bá ti dẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí dídán tàn yín jẹ nínú ọjà. Èmi gbà pé sípánà márùn-ún tó jẹ́ ojúlówó sàn ju àpótí ńlá tí gbogbo ẹnu rẹ̀ máa ṣí sílẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá kọ́kọ́ fi tú nọ́ọ̀tì táyà.

Sukudiráfà náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Sukuru olórí àgbélébùú tó wà lára ọ̀kadà ilẹ̀ Japan yàtọ̀ díẹ̀ sí ti inú ilé. Púpọ̀ nínú wọn ní àmì róbótó kékeré kan lórí. JIS ni orúkọ sukudiráfà tó bá wọn mu. Tí ẹ bá fi èyí tó wọ́pọ̀ yí i, á máa fò jáde, á sì jẹ ojú sukuru náà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ki páìpù bọ ìdí sípánà kékeré. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é kúkúrú ni, kí ọwọ́ má baà lágbára jù. Bóòtì kékeré tí sípánà 10 ń yí kò fẹ́ ju ìwọ̀n ẹrù kílò 5 lọ, tí a bá so ó kọ́ ìdí sípánà tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 20. Ohun tí ọwọ́ kan lè ṣe láìlàágùn nìyẹn.

Èyí tó kàn yìí, ìka ọwọ́ ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún. Ẹ má fi àkísà nu ṣéènì nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, bó ti wù kí ó rọra yí tó. Ṣéènì á fa àkísà, àkísà á fa ọwọ́, ìka á sì gé láàárín ṣéènì àti eyín rẹ̀. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ yọ kọ́kọ́rọ́, ẹ gbé ọ̀kadà sórí dọ́bù níbi tó tẹ́jú, kí ẹ fi ọwọ́ yí táyà ẹ̀yìn. Búrọ́ọ̀ṣì àti kẹrosíìnì díẹ̀ ló ń fọ̀ ọ́. Pẹtiróòlù kọ́. Èéfín pẹtiróòlù tí ẹ kò rí máa ń rìn nílẹ̀ títí dé ìdí sítóòfù tàbí jẹnẹrétọ̀, iná á sì bá a padà wá sọ́dọ̀ yín.

Tí ẹ bá ń tú bátìrì, orí òdì, èyí tó ní àmì (−), ni kí ẹ kọ́kọ́ tú.

Ẹ má ṣí mágínẹ́ẹ̀tì tí ẹ kò bá ní púlà rẹ̀, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń fà á yọ. Òòlù tí wọ́n fi ń lù ú jáde máa ń ba irin tó gbé e dúró nínú ẹ́ńjìnnì jẹ́. Ẹ gbé ìyẹn lọ fún mẹkáníìkì, kí ẹ sì bèèrè púlà lọ́wọ́ òun náà kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Bíréèkì ńkọ́? Ẹ lè fà á le fúnra yín, ṣùgbọ́n tí ẹ bá ti tú táyà, ẹ fi pín-ìnì tuntun sí ibi tí ẹ ti yọ ti àtijọ́, ẹ ti ọ̀kadà síwájú, kí ẹ tẹ bíréèkì méjèèjì wò lẹ́nu ọ̀nà ilé yín, kí ẹ tó gbé ẹnikẹ́ni sẹ́yìn.