Ọmọ Ilé-Ìwé ní Lọ́ńdọ̀nù: Ṣe Èyí, Má Ṣe Tọ̀hún

Físà ti jáde, yàrá ti wà, kíláàsì ti bẹ̀rẹ̀. Bí wàá ṣe gbádùn ìlú yìí, tí wàá sì máa rìn kọjá rẹ̀ ní òpin ọ̀sẹ̀ láì jẹ gbèsè, nìyí.

Owó

Yọ owó ilé, owó oúnjẹ àti owó ọkọ̀ sọ́tọ̀ lọ́jọ́ tí owó bá wọlé gan-an.
Má ti orí ìgbádùn bẹ̀rẹ̀ ìṣirò.

Ṣí àpò ìrìn àjò lọ́tọ̀ nínú ààpù báńkì rẹ. Pọ́n-ùn márùn-ún lọ́sẹ̀ tó fi bẹ̀rẹ̀.
Má yá owó rìnrìn àjò. Má fọwọ́ kan owó ilé-ìwé, ì báà ṣe fún ọjọ́ mẹ́ta péré.

Sọ iye tí o ní fún ọ̀rẹ́ kí ẹ tó gbéra.
Má dákẹ́ títí wọ́n á fi mú ọ wọ ilé oúnjẹ tí àwo kan ibẹ̀ tó owó ọjà ọ̀sẹ̀ rẹ.

Ka wákàtí iṣẹ́ rẹ láti Mọ́ńdè dé Sọ́ńdè. Físà ẹni tó ń kàwé dígírì fàyè gba 20 lọ́sẹ̀ nígbà tí ilé-ìwé bá ń lọ lọ́wọ́.
Má jẹ́ kí ọ̀gá bẹ̀ ọ́ dé 21. Orí físà tìrẹ ló máa já lé.

Fi òpin ọ̀sẹ̀ kan sílẹ̀ lóṣù fún ìlú àti ìrìn àjò. Kọ ọ́ sínú kàlẹ́ńdà bí ẹni kọ ọjọ́ ìdánwò.
Má ta gbogbo Sátidé fún iṣẹ́. Mo ti rí ẹni tó lo ọdún mẹ́ta níbí tó jẹ́ pé yàrá, kíláàsì àti ibi iṣẹ́ nìkan ló mọ̀. Ó dùn mí dọ́kàn.

Sọ bí owó ṣe rí gan-an fún àwọn ará ilé.
Má ṣèlérí owó fún ẹnikẹ́ni nígbà tí inú rẹ bá ń dùn létí òkun.

Ìgboro

Fi káàdì báńkì tàbí káàdì ọkọ̀ tó ń jẹ́ Oyster kan ẹ̀rọ nínú bọ́ọ̀sì.
Má na owó bébà sí dẹ́rẹ́bà. Bọ́ọ̀sì Lọ́ńdọ̀nù kò gba owó lọ́wọ́ mọ́ láti ọdún 2014.

Wọ bọ́ọ̀sì kejì àti ìkẹta láàárín wákàtí kan. Owó àkọ́kọ́ ló ká gbogbo rẹ̀.
Má fi káàdì wọ èkíní kí o fi fóònù wọ èkejì. Ẹ̀rọ á kà ọ́ sí ẹni méjì.

Kan káàdì ní wíwọlé àti ní jíjáde bí o bá wọ rélùwéè abẹ́ ilẹ̀.
Má kàn án ní jíjáde nínú bọ́ọ̀sì. Má fi ara lé ẹni iwájú kọjá géètì láé. Ilé ẹjọ́ lè bá a dé.

Gba Oyster akẹ́kọ̀ọ́ bí o bá ń wọkọ̀ lójoojúmọ́. Ó ń dín 30% kúrò lára tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀sẹ̀ àti ti oṣù.
Má rò pé ó ń dín owó ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn ń fẹ́ Railcard, káàdì ẹ̀dínwó rélùwéè: ní kí òṣìṣẹ́ ibùdókọ̀ so ó mọ́ Oyster rẹ, owó rélùwéè á dín ní ìdá kan nínú mẹ́ta nígbà tí èrò kò bá pọ̀.

Dúró sí ọwọ́ ọ̀tún lórí àtẹ̀gùn tó ń rìn fúnra rẹ̀.
Má dúró sí òsì. Ẹni tó ń sáré ló ni ibẹ̀.

Ra ẹ̀lùbọ́, epo pupa àti pọ̀nmọ́ ní Rye Lane ní Peckham, tàbí ní ọjà Ridley Road ní Dalston. Se ìkòkò ńlá ní Sọ́ńdè, pín in sínú ike, kó o sínú fìríìsà.
Má ra oúnjẹ ọ̀sán lójoojúmọ́. Owó ìrìn àjò ni o ń jẹ yẹn.

Wo ọjà tí wọ́n lẹ bébà yẹ́lò mọ́ ní súpámákẹ́ẹ̀tì bí alẹ́ bá ń lẹ́.
Má ra ohun tí o kò ní jẹ lónìí tàbí lọ́la, bó ti wù kí owó rẹ̀ kéré tó.

Forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ dókítà àdúgbò lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. O ti san pọ́n-ùn 776 owó ìlera fún ọdún kọ̀ọ̀kan nígbà tí o ń gba físà; lò ó.
Má dúró de àìsàn. Pe 111 fún ìmọ̀ràn. Má pe 999 àfi bí ẹ̀mí bá wà nínú ewu.

Lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí kì í gbowó: British Museum, National Gallery, Tate Modern, V&A.
Má sanwó ibòmíràn kí o tó rí wọn tán.

Lọ sí British Museum ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀. Wọn kì í tì í títí di aago mẹ́jọ ààbọ̀. Sọ̀ kalẹ̀ lọ síbi ohun Áfíríkà. Béèrè orí idẹ Ifẹ̀ tí wọ́n hú ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ ní 1938. Sún mọ́ ọn. Wo ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tó bo ojú rẹ̀ láti iwájú orí wá sí ọrùn, tí ọ̀kan kò gun èkejì. Wo àwọ̀ pupa tó ṣì kù lára adé. Dúró níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá.
Má sáré kọjá lọ wo òkú Íjíbítì kí o tó kí ará ilé rẹ.

Dé ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Horniman náà, ní Forest Hill. Ní 2022 ni wọ́n dá ẹ̀tọ́ lórí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé 72 padà fún Nàìjíríà.
Má wo èyí tó wà níbẹ̀ láì ka ohun tí wọ́n kọ sí ìdí rẹ̀.

Ìwé

Ìhín ni kí o ti fara balẹ̀.

So páásípọ́ọ̀tù tí o ń lò mọ́ eVisa rẹ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí o sì wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i kí o tó jáde nílùú.
Má gbé ara lé káàdì BRP àtijọ́. Ọjọ́ wọn pé ní ìparí 2024.

Gba físà Schengen lọ́tọ̀ bí o bá fẹ́ dé Paris tàbí Amsterdam. Bẹ̀rẹ̀ ní oṣù mẹ́ta ṣáájú, ó kéré tán; Yúrò 90 ni owó fọ́ọ̀mù àgbàlagbà.
Má rò pé físà Ìlú Ọba á gbé ọ wọ Faransé. Má ra tíkẹ́ẹ̀tì tí kò ṣeé dá padà kí físà tó jáde.

Lọ sí Belfast bó bá wù ọ́. Ara Ìlú Ọba ni.
Má gba ibẹ̀ dé Dublin láì ní físà Ireland. Gbọ́ èyí dáadáa. Nǹkan bíi wákàtí méjì ni bọ́ọ̀sì fi ń rìn ín. Kò sí géètì lójú ọ̀nà, kò sí ẹni tó ń lu òǹtẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí wàá rí ni pé àmì ẹ̀gbẹ́ títì kúrò ní máìlì, ó di kìlómítà. Orílẹ̀-èdè mìíràn lo ti wọ̀ yẹn. Àwọn ọlọ́pàá ibẹ̀ sì máa ń dá bọ́ọ̀sì dúró yẹ ìwé wò. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ tó ní páásípọ́ọ̀tù Ìlú Ọba á ní "kò séwu". Fún tiwọn, kò séwu lóòótọ́.

Fi ìwé rẹ han òṣìṣẹ́ bàálù kí o tó bọ́ sí ìlà àyẹ̀wò.
Má dúró kí wọ́n dá ọ padà lẹ́nu ọ̀nà bàálù.

Yan ọjọ́ tí kò ní kíláàsì.
Má pa kíláàsì jẹ nítorí ọkọ̀ ọ̀pọ̀. Ilé-ìwé ń ka ojú rẹ, ìjọba sì ń béèrè.

Ọkọ̀

Ra tíkẹ́ẹ̀tì rélùwéè ní kùtùkùtù; àwọn tí owó wọn kéré jù máa ń jáde ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 12 ṣáájú.
Má lọ rà á lójú fèrèsé ibùdókọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Gba Railcard 16-25. Ẹni tó ti kọjá ọdún 25 náà lè gbà á bó bá ń kàwé ní kíkún.
Má gbàgbé rẹ̀ sílé. Bó bá jẹ́ inú fóònù ló wà, má jẹ́ kí bátìrì kú. Ẹni tó ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò kì í gba àlàyé.

Wọ ọkọ̀ tí wọ́n kọ sára tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀pọ̀ gan-an.
Má wọ èyí tó ṣáájú rẹ̀, bó tilẹ̀ ṣófo.

Wọ bọ́ọ̀sì alẹ́ láti Victoria bí ìlú bá jìnnà. Edinburgh tó nǹkan bíi wákàtí mẹ́sàn-án. O ti fi sanwó ibùsùn kan. Mú ìborùn nínípọn dání. Mú ìrẹsì rẹ nínú ike, omi rẹ nínú ìgò.
Má dé ibẹ̀ ní ìṣẹ́jú márùn-ún kí ọkọ̀ tó gbéra. Ní aago mọ́kànlá alẹ́, èrò ti jókòó sórí báàgì wọn, atẹ́gùn tútù ń wọlé nígbàkígbà tí ilẹ̀kùn bá ṣí, ìlà mẹ́ta sì jọra wọn. Ka nọ́ńbà tó wà lókè, kí o tó tò.

Yẹ rélùwéè Sọ́ńdè wò ní Sátidé. Sọ́ńdè ni wọ́n sábà ń tún ojú irin ṣe.
Má fi ọkọ̀ tó kẹ́yìn ṣe ètò ìpadàbọ̀. Fi èyí tó ṣáájú rẹ̀ ṣe é.

Béèrè owó rẹ padà bí rélùwéè bá pẹ́. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni, kò gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá.
Má ju tíkẹ́ẹ̀tì nù kí o tó délé.

Wọn báàgì rẹ nílé, pẹ̀lú táyà àti ọwọ́ rẹ̀.
Má fojú wọ̀n ọ́n. Àpótí irin wà lẹ́nu ọ̀nà bàálù. Bí báàgì kò bá wọ inú rẹ̀, owó tí wọ́n á gbà lè ju owó bàálù lọ.

Ro owó ọkọ̀ dé Stansted tàbí Luton mọ́ owó bàálù.
Má yọ̀ sí pọ́n-ùn 15 kí o tó ṣe ìṣirò yẹn.

Ibùsùn

Yan yàrá elérò púpọ̀ ní hóstẹ́ẹ̀lì. Mú àgádágodo, táwẹ̀lì àti sálúbàtà dání. Kí àwọn tí o bá nínú yàrá. Ìkíni kan ti sọ yín di ojúlùmọ̀.
Má fi páásípọ́ọ̀tù sílẹ̀ lórí ibùsùn. Má tan iná lóru.

Fi àdírẹ́sì ibi tí o máa sùn ránṣẹ́ sí ẹnì kan ní Lọ́ńdọ̀nù.
Má sọ fún màmá rẹ nìkan. Ọ̀nà jìn sí i, àníyàn nìkan ló lè ṣe.

Ibi tí mo fẹ́ kí o kọ́kọ́ lọ

Lọ sí Canterbury. Láti St Pancras, kò tó wákàtí kan. Láti Victoria, ó pẹ́ díẹ̀, àmọ́ owó rẹ̀ sábà ń kéré. Nínú kàtídírà yẹn ni wọ́n ti fi Samuel Àjàyí Crowther jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà, 1864: ọmọ Òṣogùn tí wọ́n kó lẹ́rú ní 1821. Ra tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀sán bí owó bá wà, kí o rí àtẹ̀gùn òkúta tí ẹsẹ̀ àti orúnkún àwọn olùjọ́sìn ti jẹ wọnú bí àwo. Bí owó kò bá sí, lọ fún ìsìn ìrọ̀lẹ́, ọ̀fẹ́ ni. Jókòó. Jẹ́ kí orin kún ilé náà dé òkè àjà.
Má ya fọ́tò nígbà ìsìn. Má kúrò níbẹ̀ láì dárúkọ Àjàyí, bó tilẹ̀ jẹ́ lábẹ́ ẹnu.

Lọ sí Brighton. Nǹkan bíi wákàtí kan ni. Kí o tó sọ̀ kalẹ̀ sétí òkun, gun òkè lọ sí ìjọ St Nicholas. Ibẹ̀ ni Sarah Forbes Bonetta, ọmọ Ẹ̀gbádò tí Ọbabìnrin Victoria gbé ìtọ́jú rẹ̀ rù, ti fẹ́ James Davies, oníṣòwò Èkó, ní oṣù kẹjọ 1862.
Má wọ sálúbàtà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Òkúta ni etíkun náà, kì í ṣe yanrìn. Má ra oúnjẹ létí omi. Ẹyẹ òkun á gbà á lọ́wọ́ rẹ.

Lọ sí Edinburgh ní ìgbà ìrúwé. Gun Arthur's Seat, 251 mítà, kò gbowó. Wọ National Museum of Scotland lẹ́yìn rẹ̀. Òun náà kò gbowó.
Má gùn ún pẹ̀lú bàtà ìjọ. Má jókòó sétí bèbè. Afẹ́fẹ́ òkè yẹn lè taari àgbà.

Dé Leeds bí o bá fẹ́ràn eré orí ìtàgé. Ibẹ̀ ni Wọlé Ṣóyínká ti kàwé láti 1954.
Má sun ibẹ̀ mọ́jú. Ọjọ́ kan tó o.

Gbéra ní kùtù hàì bó bá jẹ́ ìgbà òtútù. Oòrùn oṣù kejìlá ń wọ̀ kí aago mẹ́rin tó lù.
Má fi ìrìn òkè sí ọ̀sán. Má fojú di òjò kékeré. Ra kóòtù tí omi kì í wọ̀ kí o tó ra bàtà ẹ̀yẹ.

Sún aago síwájú nínú ọkàn rẹ ní Sọ́ńdè tó kẹ́yìn nínú oṣù kẹta. Wákàtí kan á pòórá lóru.
Má fi ọkọ̀ aago mẹ́fà àárọ̀ sí ọjọ́ yẹn.

Padà dé yàrá kí aago mẹ́jọ alẹ́ Sọ́ńdè tó lù. Fọ ike oúnjẹ. Kọ gbogbo ohun tí o ná sílẹ̀, títí dé omi gbígbóná tí o rà ní ibùdókọ̀.
Má sùn kí o tó kọ ọ́.