Kí Ló Ń Mú Ẹ̀wà Rọ̀?

Ọmọ kíláàsì mi kan tó ń gbé ní Orílé Ìgànmú bi mí ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé: "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí ẹ̀wà mi kọ̀ tí kò rọ̀?" Ìyá rẹ̀ ti rìnrìn àjò, ìgbà àkọ́kọ́ sì nìyẹn tí òun máa dá ẹ̀wà ríro sè fún àwọn àbúrò rẹ̀. Ó yí gáàsì sókè dópin, ó da ata àti tòmátò lílọ̀ sí i láti ìbẹ̀rẹ̀, ó jókòó tì í fún wákàtí mẹ́ta. Ẹ̀wà náà ṣì le koránkorán. Gààrì ni wọ́n mu sùn.

Mo la hóró ẹ̀wà olóyin kan sí méjì lójú gbogbo wọn. Inú hóró yìí, yàrá kéékèèké tí ojú lásán kò lè rí ló kún ibẹ̀, sẹ́ẹ̀lì là ń pè wọ́n. Sítáàṣì àti purotéènì ló wà nínú yàrá kọ̀ọ̀kan. Ẹ fojú inú wo ògiri ilé: sẹ́ẹ̀lì ni búlọ́ọ̀kù, ohun kan tó ń jẹ́ pẹ́kítìnì ni símẹ́ńtì àárín wọn, kálísíọ́ọ̀mù sì ni irin tó di símẹ́ńtì náà mú. Sítáàṣì kì í fi bẹ́ẹ̀ yọni lẹ́nu. Bí omi bá ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, tó sì gbóná tó nǹkan bí 70 sí 80°C, á mu omi, á wú. Símẹ́ńtì yẹn ló ń pẹ́ kó tó tú, ìgbà tó bá sì tú ni a máa ń sọ pé ẹ̀wà rọ̀.

Ṣé iná ńlá ò lè tètè tú u ni? Ẹ̀bá ọ̀sà ni Ìgànmú wà, ilẹ̀ rẹ̀ kò ga ju òkun lọ púpọ̀, nítorí náà 100°C ni omi ti ń hó níbẹ̀. Bó bá ti hó, bí ẹ tilẹ̀ yí gáàsì dé òkè, kò ní gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ. Omi á kàn yára gbẹ, gáàsì á sì yára tán. Ní Jọ́ọ̀sì, tó fi nǹkan bí 1,200 mítà ga ju òkun lọ, nǹkan bí 96°C ni omi ti ń hó, ẹ̀wà sì ń pẹ́ lórí iná níbẹ̀ ju tiwa lọ. Ìkòkò tó ń sé ooru mọ́nú nìkan ló lè gbé omi sún mọ́ 120°C. Ẹni tí kò ní in, kó jẹ́ kí omi hó, kó dín iná kù, kó má sì dé ìkòkò pa, torí ẹ̀wà a máa hó tú dànù.

Tòmátò gan-an ló jẹ̀bi. Ásíìdì inú rẹ̀ kì í jẹ́ kí pẹ́kítìnì tètè tú. Ẹ wo àwọn obìnrin Àgànyìn tí wọ́n gbé ẹ̀wà wọn wá láti ìhà Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò: omi nìkan ni wọ́n fi ń se é títí á fi rọ̀ múlọ́múlọ́, ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń dín ata rẹ̀. Káun ń ṣe òdìkejì ásíìdì, ó ń tú símẹ́ńtì náà kíákíá, àmọ́ ó ń ba fítámì B1 jẹ́, bó bá sì pọ̀ jù, ẹ̀wà á máa ta ọṣẹ lẹ́nu. Èmi kì í lò ó. Ẹ̀wà tó ti pẹ́ nínú àpò níbi tó móoru náà kì í fẹ́ rọ̀, bẹ́ẹ̀ ni omi tí ọṣẹ kì í hó nínú rẹ̀, nítorí kálísíọ́ọ̀mù pọ̀ níbẹ̀.

Ti iyọ̀ ńkọ́? Ìyá mi gbà pé ó ń mú ẹ̀wà le. Mo ṣàlàyé fún wọn pé bí a bá fi iyọ̀ díẹ̀ sínú omi tí a rẹ ẹ̀wà sí, sódíọ́ọ̀mù inú rẹ̀ á gba ipò lọ́wọ́ kálísíọ́ọ̀mù, èèpo á sì tètè rọ̀. Wọ́n ní kí n jẹ́ kí sáyẹ́ǹsì mi mọ sí kíláàsì mi.

Ó dáa, ẹ ṣa òkúta kúrò, ẹ rẹ ẹ̀wà sómi di ọjọ́ kejì, ẹ da omi yẹn nù. Ẹ gbé e kaná pẹ̀lú omi tuntun àti àlùbọ́sà. Bí hóró kan bá fọ́ láàárín ìka méjì láìjà, ìgbà yẹn ni kí ata, epo pupa, edé àti iyọ̀ tó wọlé. Bí ẹ bá fi orógùn rò ó, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan á bẹ́, sítáàṣì wọn á jáde, ọbẹ̀ á sì ki.

Àwọn ọmọ kíláàsì béèrè ìdí tí a fi ń da omi àkọ́kọ́ nù. Mo ní irú ṣúgà méjì kan wà nínú ẹ̀wà, ráfínósì àti sítákíósì, tí ìfun wa kò ní èròjà tó lè dà wọ́n. Bakitéríà inú ìfun ńlá ló ń jẹ wọ́n, á sì máa tú afẹ́fẹ́ sílẹ̀. Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ti mọ ibi tí afẹ́fẹ́ náà ń gbà jáde. Bí a bá rẹ ẹ̀wà, díẹ̀ nínú ṣúgà yìí á bá omi lọ.

Ọmọ Orílé kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé, ó wá béèrè ibi tó yẹ kí òun da omi náà sí. Mo ní ìdí ewédú ìyá rẹ̀.