Ẹ Ro Pápá Kí Ẹ Tó Ra Ife-Ẹ̀yẹ

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ wà ní ilẹ̀ Okun, ní Kàbà, ní Bùnú, ní Ìjùmú, ní Ìyàgbà àti ní Ọ̀wọ́rọ̀, àti ẹ̀yin tí iṣẹ́ gbé lọ sí Àbújá, Èkó àti òkè òkun, mo gbọ́ pé ẹ fẹ́ dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí yóò máa rí sí eré ìdárayá àti ìgbafẹ́ káàkiri ilẹ̀ Okun, tí ẹnikẹ́ni kò ní gba owó oṣù nínú rẹ̀, tí wọn kò sì ní pín èrè. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ mi nínú. Ṣùgbọ́n mo ka ìwé ètò yín láti òkè dé ilẹ̀: ife-ẹ̀yẹ wà níbẹ̀, àsíá wà níbẹ̀, orúkọ àwọn àlejò pàtàkì kún ojú ìwé kan gbáko. N kò rí orúkọ ẹni tí yóò ro pápá. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú gègé.

1. Ẹ kọ́kọ́ wá ilẹ̀, kí ẹ sì gba ìwé rẹ̀.

Pápá ìlú kì í sọnù lóòjọ́. Ẹnìkan á kọ́kọ́ gbin àgbàdo sí igun kan. Lẹ́yìn náà onítípà á da yanrìn síbẹ̀, á ní ọjọ́ méjì péré ni. Kí ẹ tó mọ̀, búlọ́ọ̀kù ti dé. Bí ẹ bá wá lọ bá ẹni tó ń kọ́lé, á fi ìwé hàn yín, ẹ̀yin á máa pìtàn. Láti ìgbà tí Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti jáde ní ọdún 1978, ọ̀rọ̀ kì í rọrùn níwájú adájọ́ fún ẹni tí kò ní ìwé lọ́wọ́.

Nítorí náà, bí ìdílé tó ni ilẹ̀ bá yọ̀ǹda, kí olórí ẹbí àti àwọn àgbà ilé fọwọ́ sí ìwé níwájú ọba tàbí baálẹ̀. Kí sọ̀fíyọ̀ wọn ilẹ̀ náà, kí ẹ̀dà ìwé sì wà lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ẹ gbin pẹ̀rẹ̀gún yí i ká. Píláà sìmẹ́ńtì ṣeé hú lóru, pẹ̀rẹ̀gún tó ti ta gbòǹgbò kì í gbà bẹ́ẹ̀.

Ìlú tí kò bá rí ilẹ̀, kó lọ bá ilé-ẹ̀kọ́. Titcombe College ti wà ní Ẹ̀gbẹ̀ láti ọdún 1951, àwọn ilé-ẹ̀kọ́ girama mìíràn sì pọ̀ ní ilẹ̀ wa tí pápá wọn ń sùn láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì títí di àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ẹ kọ̀wé sí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́. Ẹ sọ wákàtí tí ẹ fẹ́, ẹ sọ ẹni tí yóò ti géètì, ẹ sì sọ ẹni tí yóò sanwó bí gíláàsì fèrèsé bá fọ́. Èyí tó kẹ́yìn yìí gan-an ni ojú ọ̀gá náà ń wá nínú lẹ́tà.

2. Kí iṣẹ́ pápá ní orúkọ àti ọjọ́.

Àwọn bàbá wa mọ àáró: lónìí oko tèmi, lọ́la oko tìrẹ. Bí iṣẹ́ bá ju àáró lọ, wọ́n á bẹ ọ̀wẹ̀, olóko á sì se iṣu, á gbé ẹmu kalẹ̀. Pápá ni kí ẹ fi ṣe oko àáró yín.

Ní àárọ̀ Sátidé, kí ẹ dé ibẹ̀ kí oòrùn tó mú. Kí ẹni méjì mú àdá, kí ẹni méjì mú ọkọ́. Kí àwọn ọmọdé to ara wọn sórí ìlà kan ní ìbú pápá, kí wọ́n máa rìn díẹ̀díẹ̀ láti ìdí góòlù kan dé ìkejì, kí wọ́n máa ṣa òkúta, àfọ́kù ìgò àti ìdérí mínírà sínú garawa. Ilẹ̀ olókùúta ni tiwa, ẹni tó bá ti fi orúnkún gbálẹ̀ lórí rẹ̀ kò nílò àlàyé. Ẹ na okùn tẹ́ẹ́rẹ́ láti igun dé igun, ẹ wá bu eérú tẹ̀lé e. Eérú kò náni ní kọ́bọ̀, àwọn ìyá tó ń yan gàrí ń wá ẹni tí yóò bá wọn kó o kúrò nídìí ààrò. Òjò kan ló máa gbé e lọ, òótọ́ ni, ẹ ó tún fà á ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ní ti òpó góòlù, ọparun tó. Òpó irin tí wọn kò rì mọ́lẹ̀ dáadáa ti wó pa ọmọdé ní ọ̀pọ̀ ibi lágbàáyé, nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá fi irin ta yín lọ́rẹ, ẹ kọ́kọ́ béèrè sìmẹ́ńtì àti kòtò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti àwọn kan tó gbọ́n jù wá lọ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní Mathare, àdúgbò àwọn mẹ̀kúnnù ní ìlú Nairobi, Bob Munro, ará Kánádà, àti àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní ọdún 1987 tí wọ́n pè ní Mathare Youth Sports Association. Pàǹtírí ti bo àdúgbò náà. Wọ́n wá ṣe é lófin nínú líìgì wọn pé ẹgbẹ́ tó bá jáde kó ìdọ̀tí àdúgbò rẹ̀ yóò gba máàkì, máàkì náà yóò sì wọ tábìlì pẹ̀lú èyí tí wọ́n jẹ lórí pápá. Ẹni tó ń wá ipò kìíní kò lè fi ọwọ́ lẹ́rán mọ́. Láti inú ẹgbẹ́ yìí ni Mathare United ti jáde, àwọn ló sì gba líìgì gbogbo orílẹ̀-èdè Kenya ní ọdún 2008.

Ẹ mú ìlànà yẹn wá sílé. Bí ẹgbẹ́ kan bá fi márùn-ún sí òdo borí, tí ẹnì kankan nínú wọn kò sì gbé àdá ní Sátidé, ẹ yọ máàkì wọn. Wọ́n á bínú. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bínú.

3. Bọ́ọ̀lù nìkan kọ́ ni eré.

Mo mọ bí mọ́ńkí-pósì ṣe ń dùn: òkúta méjì níhìn-ín, méjì lọ́hùn-ún, sẹ́ẹ̀tì mẹ́ta dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, èyí tí wọ́n bá jẹ ní góòlù méjì á jáde kúrò. Ṣùgbọ́n ẹ lọ ka orí tó wà lórí pápá ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Ọmọbìnrin mélòó lẹ rí? Wọ́n wà nídìí omi, wọ́n wà nídìí ààrò. Bí ẹ bá ní ẹ ti ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún wọn ní wákàtí tí wọn kò lè wá, ẹ kò tíì ṣí i. Ẹ bá ẹgbẹ́ àwọn ìyá sọ̀rọ̀, ti ṣọ́ọ̀ṣì àti ti mọ́ṣáláṣí, kí ẹ jọ mú wákàtí kan tí pápá yóò jẹ́ tàwọn ọmọbìnrin nìkan. Bí wọ́n bá fẹ́ bọ́ọ̀lù, kí wọ́n gbá a. Bí ó bá jẹ́ tẹ́n-tẹ́n àti súwẹ̀ ni, ilẹ̀ tó tẹ́jú ni wọ́n ń fẹ́, kò sí ohun tí ẹ máa rà.

Àwa àgbà ńkọ́? Ẹ̀yìn góòlù ni ẹ máa ń gbé àga wa sí, pé kí a wá pàtẹ́wọ́. Ẹ gbé bẹ́ǹṣì méjì àti ọpọ́n ayò sábẹ́ igi, ẹ fi dráàfù tì í, kí ẹ wá wò bóyá a ó tún ráyè pàtẹ́wọ́.

Ohun tó kéré ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹwàá ọdún 2004, Paul Sinton-Hewitt pe àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ jọ sí Bushy Park ní Lọ́ńdọ̀nù láti sáré kìlómítà márùn-ún. Ẹni 13 ló sáré, àwọn díẹ̀ sì dúró ti aago. Èyí ló di ohun tí wọ́n ń pè ní parkrun lónìí. Ọ̀fẹ́ ni títí di òní, àwọn olùyọ̀ǹda-ara-ẹni ló ń ṣètò rẹ̀ ní àràárọ̀ Sátidé, ó sì ti dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Ẹni tó bá fẹ́ rìn, kó rìn, wọn kì í lé e. Ìlú wo ní ilẹ̀ Okun ni kò lè ṣe irú èyí?

Kí ẹ sì rántí pé ìgbafẹ́ kò pin sórí pápá. Ní Ògìdì, àwọn òkè àpáta wà tí àlejò ń ti ọ̀nà jíjìn wá gùn. Nike Okundaye, ọmọ ìlú náà, kọ́ ibùdó iṣẹ́ ọnà síbẹ̀, níbi tí àwọn obìnrin ti ń hun aṣọ. Kò dúró de ìjọba.

4. Owó.

Ìwé kan ni kí ẹ ní, kí ẹni méjì máa fọwọ́ sí i. Owó bọ́ọ̀lù, owó fèrè rẹfirí, owó omi mímu, gbogbo rẹ̀ ni kí ẹ kọ. Kí ẹ kà á sókè lórí pápá ní ìparí oṣù, lójú àwọn ọmọdé. Akápò tí ọmọ ọdún mẹ́wàá lè bi ní ìbéèrè kì í jalè ní ìrọ̀rùn.

Ẹ fẹ́ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, àjọ tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, ó dára. Abala F nínú CAMA, òfin ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ ti ọdún 2020, ló wà fún irú ẹgbẹ́ yín, ó sì là á sílẹ̀ pé iṣẹ́ ẹgbẹ́ nìkan ni kí ẹ fi owó ẹgbẹ́ ṣe, ọmọ ẹgbẹ́ kò gbọdọ̀ pín in bí èrè. Ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 kò lè jẹ́ alámòójútó. Ṣùgbọ́n ẹ fi ọdún kan ro pápá ná. Mo ti rí ẹgbẹ́ tó ní ìwé ẹ̀rí nínú férémù, tí kò ní bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo.

5. Olóṣèlú á dé.

Á kó jẹ́sì wá, àwòrán ara rẹ̀ á wà níwájú, nọ́ńbà á wà lẹ́yìn. Ẹ kí i dáadáa, ọmọ wa ni. Ẹ sọ fún un pé nẹ́ẹ̀tì, àpótí ìtọ́jú ojú-egbò àti ọkọ̀ yanrìn méjì lẹ ń fẹ́. Bí ó bá kọ̀, ẹ ti mọ ohun tó bá wá.

6. Ẹ ṣọ́ àwọn ọmọ.

Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 fi eré àti ìsinmi sí ara ẹ̀tọ́ ọmọ. Ẹ̀tọ́ kan náà ni pé kí ẹnikẹ́ni má pa á lára níbi eré náà. Kí àgbàlagbà méjì wà níbikíbi tí ọmọdé bá wà, kí ẹnì kankan má ṣe dá ọmọ kan mú lọ sílé láti lọ wẹ̀ tàbí láti lọ gba bàtà. Kò sí pé a mọ̀ ọ́n, kò sí pé olùkọ́ ni tàbí pé ọmọ pásítọ̀ ni. Ẹni tó bá ní òfin yìí bu òun kù, kó lọ wá iṣẹ́ mìíràn ṣe.

7. Ọ̀nà.

Ẹ fẹ́ kí gbogbo ìlú wá sí Kàbà ní òpin ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ kò tíì gbàgbé oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, tí àwọn agbébọn fọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n Kàbà, tí ẹlẹ́wọ̀n tó ju igba lọ sì sá jáde. Ẹ mọ ohun tí àwọn ajínigbé ń ṣe lójú ọ̀nà wa. Ọ̀nà kọ̀ǹkéré láti Obajana wá sí Kàbà ń dán, àwọn tírélà sìmẹ́ńtì sì mọ̀ pé ó ń dán. Kí Ìjùmú máa bá Ìjùmú ṣeré, kí Ìyàgbà máa bá Ìyàgbà ṣeré, kí Bùnú àti Kàbà jọ ṣe tiwọn. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ti tó fún gbogbo wa láti pàdé, ọ̀sán gangan sì ni kí ó jẹ́. Kí ọkọ̀ ti padà délé kí oòrùn tó wọ̀.

8. Ẹ lo àgùnbánirọ̀, ẹ má gbára lé wọn.

Ibùdó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ NYSC ti Ìpínlẹ̀ Kogí wà ní Asaya, nínú ìjọba ìbílẹ̀ Kàbà/Bùnú tiwa yìí. Láti ọdún 1973 tí ètò náà ti bẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ ìdàgbàsókè ìlú wà lára ohun tí wọ́n ń ṣe. Nínú wọn lẹ ó ti rí ẹni tó kẹ́kọ̀ọ́ eré ìdárayá ní yunifásítì, ẹni tó mọ òfin bọ́ọ̀lù dójú àmì, nọ́ọ̀sì tó lè kọ́ yín bí a ṣe ń di ọrùn-ẹsẹ̀ tó yẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́ yín. Ṣùgbọ́n kí ọmọ ìlú méjì máa tẹ̀lé àgùnbánirọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n máa kọ ohun gbogbo sílẹ̀, torí ọdún kan ló ní lọ́dọ̀ yín.

9. Ẹ̀yin tó wà lókè òkun.

Ẹ béèrè kí ẹ tó ra nǹkan. Bàtà bọ́ọ̀lù nọ́ńbà 46 kò wúlò fún ọmọ ọdún mọ́kànlá.

10. Ẹ tọ́ ẹni tí yóò gbà á lọ́wọ́ yín.

Boys' Brigade, ẹgbẹ́ àwọn ọmọkùnrin nínú ìjọ Kristẹni, bẹ̀rẹ̀ ní Glasgow ní ọdún 1883, ó dé Nàìjíríà ní 1908, ó sì ń yan lójú títì wa títí di òní. Ohun tí mo rí nínú rẹ̀ kò ju méjì lọ. Ìkíní, ìjọ kọ̀ọ̀kan ló ni tirẹ̀, bí ọ̀kan bá sùn, èkejì kò ní sùn. Ìkejì, láti inú àwọn ọmọ tó ń lu ìlù ni ọ̀gá wọn ti ń jáde. Nítorí náà, kí ìlú kọ̀ọ̀kan ní ẹgbẹ́ tirẹ̀, kí ìgbìmọ̀ gbogbogbòò kéré, kí alága má ṣe ju ọdún mẹ́ta lọ. Ẹ mú ètò náà lọ sọ́dọ̀ Okun Development Association, ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ilẹ̀ wa, kí wọ́n lè mọ̀ ọ́n, kí wọ́n sì bá yín sọ̀rọ̀ níbi tí ẹnu yín kò bá ká. Ẹ má jẹ́ kó di ibi tí wọ́n ti ń du ipò. A ti ní irú ìyẹn tó.

Ó ku ohun kan. Bí ẹ bá máa tẹ́ ilẹ̀ pápá lọ́dún yìí, oṣù kẹwàá ni kí ẹ ṣe é, nígbà tí òjò ń kásẹ̀ nílẹ̀ tí ilẹ̀ ṣì rọ̀. Tó bá di oṣù kejìlá, ilẹ̀ Kàbà á ti gan paraku, ọkọ́ kò ní ràn án mọ́.