Báńjò Àtijọ́ àti Báńjò Òde Òní

Ní Sábó wa, a mọ mólò tí àwọn Haúsá ń ta: igi tí a gbẹ́ inú rẹ̀, tí a fi awọ bo ojú rẹ̀, tí a so okùn mọ́. Irú nǹkan báyìí ni àwọn ọmọ Áfíríkà tí a kó lẹ́rú lọ sí Amẹ́ríkà rántí, tí wọ́n fi ṣe báńjò.

Ẹ jẹ́ ká wo báńjò olókùn márùn-ún tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Awọ màlúù ni ojú ti àtijọ́. Lásìkò òjò, awọ a dẹ̀, ohùn a sì wálẹ̀, bí ìlù tí a ní láti sá sóòrùn. Ike ló wọ́pọ̀ lójú ti òde òní; òjò kì í mú un dẹ̀.

Ìfun ẹran ni okùn ọ̀pọ̀ ti àtijọ́. Bí ẹ bá ra irú rẹ̀, ẹ má so wáyà mọ́ ọn. Wáyà a máa fà jù, ó lè tẹ ọrùn rẹ̀, owó a sì ṣòfò. Okùn ọ̀rá ni kí ẹ lò.

Ìbéèrè: Kí ló lè tẹ ọrùn báńjò àtijọ́?